Ẹ̀yin Ọkùnrin, Ẹ Má Dá Ẹrù Ọkàn Gbé

Irúgbìn, ajílẹ̀ àti kòkòrò la sábà máa ń jíròrò lé lórí nínú ìwé yìí. Lónìí, àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọkọ́ kì í dá ro oko, ọwọ́ ènìyàn ló ń gbé e. Bí apá àgbẹ̀ bá le, tí ọkàn rẹ̀ sì ti rẹ̀, kò ní pẹ́ tí oko náà yóò fi di igbó.

Gbogbo ilé lọ̀rọ̀ yìí kàn, àmọ́ ọkùnrin la dìídì ń bá wí, torí pé àwa ọkùnrin la máa ń fi í bò jù.

Ohun tí ẹ ó rí kọ́ nínú ẹ̀kọ́ yìí:

1. Bí a ṣe ń dá àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn mọ̀ lára ọkùnrin.
2. Ìdí tí kò fi yẹ kí a fi í pamọ́.
3. Ibi tí ìtọ́jú wà ní Èkìtì, àti ohun tí wọ́n máa ń ṣe níbẹ̀.
4. Ohun tí ìyàwó, ọ̀rẹ́ àti ẹgbẹ́ àgbẹ̀ lè ṣe.

KÍ LÀ Ń PÈ NÍ ÌRẸ̀WẸ̀SÌ ỌKÀN?

Kò sí ẹni tí inú rẹ̀ kì í bàjẹ́. Bí màlúù bá jẹ oko ẹ̀gẹ́ yín, tàbí tí iná ẹ̀ẹ̀rùn jó oko kòkó tí ẹ ti fi ogún ọdún tọ́jú, inú yín yóò bàjẹ́, ó sì yẹ kó bàjẹ́. Láti ìgbà tí àwọn agbébọn ti pa ọba méjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní Èkìtì níbí, ní 29 January 2024, kò yà wá lẹ́nu bí àyà àgbẹ̀ bá ń já nígbà tó bá ń dá lọ sí oko jíjìn.

Àmọ́ bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ìbànújẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ènìyàn á tún jẹun, á tún bá ọ̀rẹ́ ṣeré, á tún mú àdá rẹ̀ lọ sóko. Ìrẹ̀wẹ̀sì tó ti di àìsàn kì í fúyẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn dókítà fi ń wọ̀n ọ́n nìyí: bó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ ló ń dé, tí kì í sì í lọ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ó ti kúrò ní ìbànújẹ́ lásán. Àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú.

Ẹ jẹ́ ká là á yé ara wa dáadáa: èyí kì í ṣe wèrè. Bí ọ̀pọ̀ wa bá ti gbọ́ “àìsàn ọpọlọ”, ẹni tó ń rìn kiri ọjà ní ìhòòhò ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Ẹni tó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn mọ ilé rẹ̀, ó mọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, ó tiẹ̀ lè máa lọ sóko kó sì máa kí àwọn aládùúgbò. Ṣé ẹ mọ iṣu tí èèpo rẹ̀ dán, tó jẹ́ pé ìgbà tí a bá la á ni a tó rí i pé inú rẹ̀ ti rà? Bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

ÀWỌN ÀMÌ TÓ YẸ KÍ Ẹ MỌ̀

Ẹ wo ara yín wò, kí ẹ sì wo ọ̀rẹ́ yín wò. Bí púpọ̀ nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí bá ti wà nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un:

• Oorun kì í wá, tàbí kí ènìyàn jí ní ìdájí kó má lè sùn mọ́. Àwọn mìíràn ń sùn láti àárọ̀ dé alẹ́.
• Oúnjẹ kò dùn lẹ́nu mọ́, ṣòkòtò ti ń jábọ́ ní ìdí.
• Ohun tó ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́ ọn mọ́: ayò ọlọ́pọ́n, bọ́ọ̀lù lórí rédíò, ìpàdé ẹgbẹ́, ìyàwó rẹ̀ pàápàá.
• Ara wúwo, ó ń rẹ̀ ẹ́ kó tó débi iṣẹ́.
• Ìbínú òjijì. Ohun kékeré, ó ti lù ọmọ, ó ti jágbe mọ́ ìyàwó.
• Emu, ògógóró tàbí páraga ti di ohun tó ń fi bẹ̀rẹ̀ ọjọ́. Àwọn kan ń lo tramadol tàbí igbó kí wọ́n má bàa ronú.
• Ó ń gbàgbé nǹkan, kò lè dá ìpinnu ṣe, kò mọ ìgbà tó yẹ kó gbìn.
• Ó ń sọ pé òun kò wúlò, pé ilé yóò sàn jù bí òun kò bá sí.

Ẹ kíyè sí ìbínú àti ọtí yẹn dáadáa. Omijé la máa ń retí lójú ẹni tí ìbànújẹ́ bá, àmọ́ lára ọ̀pọ̀ ọkùnrin, ìbínú àti ọtí ni ìbànújẹ́ ń gbà jáde. Ilé á máa pè é ní òǹrorò tàbí ọ̀mùtí, kò sí ẹni tó máa bi í pé, “Kí ló ń dùn ọ́?”

Ohun kan tún wà tó ń da àwa Yorùbá láàmú. Ọ̀pọ̀ wa kì í sọ fún nọ́ọ̀sì pé ọkàn wa bàjẹ́. Ohun tí a máa sọ ni pé, “Orí mi ń gbóná,” “Nǹkan kan ń rìn lórí mi bí èèrà,” “Àyà mi ń já.” Àwọn bàbá wa pe irú èyí ní ọdẹ orí. Ní 1987, dókítà ọmọ Nàìjíríà kan tó ń jẹ́ Makanjuola kọ̀wé sínú ìwé àwọn oníṣègùn nípa àwọn aláìsàn Yorùbá tó ń ṣàròyé ọdẹ orí. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àníyàn ló rí lára púpọ̀ nínú wọn. Nítorí náà, bí ẹ bá ti lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí orí kò yé gbóná, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún dókítà: oorun tí kò wá, gbèsè tó wà nílẹ̀, ọ̀fọ̀ tó ṣẹ̀ yín. Dókítà kì í wo inú ọkàn bí a kò bá ṣí i fún un.

KÍ LÓ DÉ TÍ ỌKÙNRIN FI Ń FI PAMỌ́?

Láti kékeré la ti ń sọ fún ọmọkùnrin pé, “Ṣé obìnrin ni ọ́ ni, tí o fi ń sunkún?” Bó ṣe ń dàgbà, ẹ̀kọ́ náà ń dàgbà pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tó bá di bàálé ilé, òun ni gbogbo ilé ń wò. Owó ilé-ìwé, owó oògùn, owó ìsìnkú àna, gbogbo rẹ̀ ń bọ̀ lórí rẹ̀. Bí nǹkan bá wá yíwọ́, ó rò pé bí òun bá sọ ọ́, òun ti sọ ipò òun nù nìyẹn.

Àwọn àgbà ló sọ pé ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Wọ́n tún sọ pé bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ìyẹn ni pé ẹni tó ń sunkún kò tíì fọ́jú, ó ṣì lè rí ọ̀nà. Ẹni tó gbé omijé mì, tó ní òun kò ní nǹkan kan, òun gan-an lọ̀nà lè ṣú mọ́ lójú.

Òwe kan wà tí a gbọ́dọ̀ tún yẹ̀ wò: “Ikú yá ju ẹ̀sín.” Àwọn bàbá wa fi ń kọ́ni pé kí a má hùwà tó máa kó ìtìjú bá ìran wa, kí a má jalè, kí a má dalẹ̀. Wọn kò sọ ọ́ nítorí àgbẹ̀ tí òjò já kulẹ̀, tàbí ẹni tó yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ọjà sì kọ̀ tí kò lọ. Gbèsè kì í ṣe ẹ̀sín. A lè pín gbèsè sí wẹ́wẹ́, a lè sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú, onígbọ̀wọ́ lè bá ni bẹ̀bẹ̀. Bí ẹ̀mí bá ṣì wà, ìrètí ń bẹ.

Ohun tó mú wa tẹnu mọ́ èyí ni pé káàkiri ayé, ọkùnrin tó ń fọwọ́ ara wọn gba ẹ̀mí ara wọn ju ìlọ́po méjì obìnrin lọ, gẹ́gẹ́ bí àjọ ìlera àgbáyé ti wí. Ẹ sì wo ilé wa níbí. Ní 2002 àti 2003, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fọ̀rọ̀ wá àgbàlagbà 6,752 lẹ́nu wò ní ìpínlẹ̀ 21 ní Nàìjíríà. Nínú 100 ẹni tí àìsàn ọkàn bá jà láàárín ọdún kan, bí ẹni 8 péré ló rí ìtọ́jú kankan gbà. Àwọn tó kù ń dá a gbé.

OHUN TÍ ÀWỌN ÀGBẸ̀ ABÚLÉ ARO ṢE

Bóyá ẹnìkan á sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó lèyí. Rárá o. Àwọn àgbẹ̀ Yorùbá ni wọ́n kọ́ ayé lẹ́kọ̀ọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ní 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, ti ìlú òyìnbó dé, ó sì di ọ̀gá ilé ìwòsàn ọpọlọ tí ìjọba ń kọ́ ní Aro, lẹ́bàá Abẹ́òkúta. Ilé náà kò tíì parí, àwọn aláìsàn sì wà nílẹ̀. Dókítà yìí kò ti ènìyàn mọ́lé. Ó tọ àwọn àgbẹ̀ abúlé tó yí ọsibítù ká lọ, ó ní kí wọ́n fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé. Àwọn àgbẹ̀ gbà. Ìbátan kan, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá, kó máa se oúnjẹ fún un, kó sì máa mú un lọ síbi ìtọ́jú. Ní àárọ̀, aláìsàn á lọ gba oògùn àti ìmọ̀ràn ní ọsibítù. Bó bá dé, á bá àwọn ará abúlé ṣe iṣẹ́ oko, á bá wọn jó bí ayẹyẹ bá wà, á bá wọn lọ sí ilé ìjọsìn. Àwọn onílé ń gba owó ilé, abúlé náà sì ń rí ìdàgbàsókè. Dókítà Lambo tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra láti bá a ṣiṣẹ́.

Ìlànà yìí lókìkí káàkiri ayé. Nígbà tó yá, Dókítà Lambo di igbákejì ọ̀gá àgbà àjọ ìlera àgbáyé. Ó kú ní 2004, ilé ìwòsàn Aro sì wà títí dòní.

Kí la rí kọ́ níbẹ̀? Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni. Èkíní, oògùn ọsibítù àti ọwọ́ ará ilé ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Èkejì, ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn kì í ṣe ẹni tí à ń lé kúrò láàárín ènìyàn. Ẹ̀kẹta, àgbẹ̀ tí kò kàwé púpọ̀ lè ran aláìsàn lọ́wọ́, bó bá ti mọ bí a ṣe ń gbani mọ́ra.

Ibòmíràn ní Áfíríkà tún ti rí i bẹ́ẹ̀. Ní Zimbabwe, láti 2006, Dókítà Dixon Chibanda kọ́ àwọn ìyá àgbà bí wọ́n ṣe máa jókòó lórí bẹ́ǹṣì nínú ọgbà ilé ìwòsàn, kí wọ́n máa gbọ́ ẹjọ́ ọkàn àwọn ènìyàn, kí wọ́n sì bá wọn wá ọ̀nà àbáyọ sí ìṣòro wọn níkọ̀ọ̀kan. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016 fi hàn pé ara ọ̀pọ̀ wọn yá. Ọ̀rọ̀ sísọ pàápàá jẹ́ oògùn.

IBI TÍ Ẹ Ó TI RÍ ÌTỌ́JÚ

1. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó súnmọ́ yín jù. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé, “Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí n kò ti sùn dáadáa, ọkàn mi kò sì balẹ̀.” Ọ̀rọ̀ yìí tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n lè yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ wò pẹ̀lú, torí pé àìsàn ara lè fa àárẹ̀ ọkàn.

2. Bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ sí ọsibítù ńlá, méjì wà nítòsí: ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó-Èkìtì, àti ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì. Dókítà tó mọ̀ nípa àárẹ̀ ọkàn wà ní méjèèjì. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń rí aláìsàn àti iye owó káàdì, kí ẹ má bàa lọ lásán.

3. Ẹ mú ẹnìkan tí ẹ fọkàn tán dání. Ohun tí ẹ̀yin bá gbàgbé, òun á rántí.

4. Bí dókítà bá fún yín ní oògùn, ẹ ní sùúrù. Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kì í ṣiṣẹ́ bí oògùn orí fífọ́. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹ tó rí ìyàtọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó gbin àgbàdo kì í ti í padà lọ yà á ní ọjọ́ kẹta. Bí ara bá yá, ẹ má dá a dúró fúnra yín. Dókítà ló máa sọ ìgbà tí ẹ ó dín in kù. Ẹ má fi ọtí lé e.

5. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ dáadáa. Ọ̀pọ̀ ni kì í nílò oògùn rárá, ìjíròrò ni wọ́n ń fi tọ́jú wọn.

Bí ẹ bá ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ẹ má dúró. Àdúrà kò dí ọsibítù lọ́wọ́. Àmọ́ ibikíbi tí wọ́n bá ti ń de aláìsàn mọ́lẹ̀, tàbí tí wọ́n ń nà án, ẹ má mú ènìyàn yín lọ síbẹ̀. Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ tí ààrẹ Nàìjíríà fọwọ́ sí ní January 2023 ti rọ́pò òfin àtijọ́ láti ayé àwọn òyìnbó. Ó fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú tó bu iyì kún un.

BÍ A ṢE Ń BÁ Ọ̀RẸ́ SỌ̀RỌ̀

Ẹ má bá a sọ ọ́ níwájú ènìyàn. Ẹ bá a rìn lọ sóko, tàbí kí ẹ jókòó lábẹ́ igi kòkó. Ẹ lè sọ pé:

“Ọ̀rẹ́ mi, mo rí i pé o kò wá sí ìpàdé fún ìgbà mẹ́ta. Ara ńkọ́? Ọkàn ńkọ́?”

Bó bá ní, “Kò sí nǹkan kan,” ẹ má bínú. Ẹ ní, “Kò burú. Àmọ́ mo wà níbí. Màá tún yà ní ọ̀la.” Kí ẹ sì yà lóòótọ́. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́ ọ tán. Ẹ má sọ pé, “Ṣe bí ọkùnrin,” tàbí “Àwọn kan wà tí tiwọn burú jù bẹ́ẹ̀.” Ìyẹn ló ń ti ilẹ̀kùn padà.

Bó bá jẹ́ àgbàlagbà ni, ẹni tó jù ú lọ tàbí ẹgbẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ rán sí i. Ẹ̀yin ìyàwó, bí bàálé yín kò bá gbọ́rọ̀ sí yín lẹ́nu, ẹ wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó máa ń fetí sí.

BÍ Ọ̀RỌ̀ BÁ TI DI TI Ẹ̀MÍ

Bí ọ̀rẹ́ yín bá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ lọ, tó ń pín ẹrù rẹ̀, tó ń dágbére láìnídìí, ẹ bi í tààrà pé, “Ṣé ò ń ronú àtigba ẹ̀mí ara rẹ?” Bíbéèrè kì í gbin èrò náà sí i lọ́kàn, ó máa ń mú kí ọkàn rẹ̀ fúyẹ́. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni:

• Ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, kódà fún wákàtí kan.
• Ẹ kó oògùn oko àti ohunkóhun tó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe kúrò níbẹ̀.
• Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà. Ẹ má dúró de ọjọ́ kejì.

Àti pé gbogbo ilé àgbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ oògùn oko yìí kàn, kódà bí ara gbogbo yín bá le. Ẹ má gbé oògùn apakòkòrò àti apako sínú yàrá tí ẹ ń sùn. Ẹ tì í mọ́ inú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́, kí kọ́kọ́rọ́ náà wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Iye tí ẹ ó lò tán ni kí ẹ rà. Ní Sri Lanka, orílẹ̀-èdè àwọn àgbẹ̀ bíi tiwa, ìjọba fòfin de àwọn oògùn oko tó léwu jù. Láàárín 1995 sí 2015, iye àwọn tó ń gba ẹ̀mí ara wọn níbẹ̀ lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí 70 nínú 100, oko wọn kò sì dín kù nítorí rẹ̀. Èrò ikú máa ń dé bí ìjì, ó sì máa ń kọjá. Bí oògùn bá jìnnà lọ́jọ́ náà, ẹ̀mí kan là nìyẹn.

IṢẸ́ TÍ ẸGBẸ́ YÍN LÈ ṢE

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ní ìpàdé tó ń bọ̀:

1. Ẹ yan ẹni méjì tí kì í sọ ọ̀rọ̀ ènìyàn síta, kí ọmọ ẹgbẹ́ tí ọkàn rẹ̀ wúwo lè tọ̀ wọ́n lọ.
2. Ẹ ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú àjọ fún owó ọkọ̀ àti owó káàdì ẹni tó fẹ́ lọ sí ọsibítù.
3. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kò bá lè san ẹ̀yáwó, ẹ pè é jókòó kí ẹ tó fi orúkọ rẹ̀ síta. Ẹ bá a ṣètò bó ṣe máa san án díẹ̀díẹ̀.
4. Bí ẹnìkan bá ń gba ìtọ́jú lọ́wọ́, ẹ fi ọ̀wẹ̀ bá a ro oko rẹ̀ kí igbó má bàa bò ó.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Dárúkọ àmì mẹ́rin tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn fi ń hàn lára ọkùnrin.
2. Kí ló fà á tí a fi ń pe ìbínú àti ọtí ní àmì?
3. Níbo ni oògùn oko wà nínú ilé rẹ báyìí? Ta ló mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́?
4. Ta ni ìwọ lè sọ ọ̀rọ̀ ọkàn rẹ fún? Ta ló lè sọ tirẹ̀ fún ọ?

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, bí àrùn bá mú èso kòkó kan dúdú, ẹ kì í dúró títí yóò fi ran gbogbo igi. Ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ máa ń já a sọnù, tí ẹ sì ń wá oògùn sí ìyókù. Ọkàn yín tó bẹ́ẹ̀, ó tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tètè sọ, ẹ tètè lọ. Oko á mú èrè wá o.